Mọ́tò mi ń gbọ̀n jìgìjìgì tí mo bá ti dúró, tó bá ń sáré kò sí wàhálà

Awakọ̀Jẹ́jẹ́:

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Mọ́tò mi ni, onísílíńdà 4, elépo, ọtomátíìkì, ó ti wà lọ́wọ́ mi fún ọdún 6, kò dẹ̀ dààmú mi rí. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni nǹkan ti yí padà. Tí mo bá tan án láàárọ̀ tó ṣì tutù, á dúró jẹ́jẹ́, ẹ ò tiẹ̀ ní gbọ́ ohùn ẹ̀. Ìgbà tó bá gbóná tán, tí mo wá dé ibi tí iná ti ní kí n dúró, ibẹ̀ ni eré á ti bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ RPM, èyí tó ń ka iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, á já sí 600, á tún fò lọ sí 900, á tún já wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń ṣe bí ẹni tó ń tòògbé tó ń ta jí. Stíà á máa gbọ̀n lọ́wọ́ mi, dígí tí mo fi ń wo ẹ̀yìn á gbọ̀n débi pé mọ́tò kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìn mi á dà bíi méjì lójú mi. Tí n bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí kí n máa lọ, ó parí, gbogbo ẹ̀ á dákẹ́, á máa sáré lọ bí ẹni pé nǹkankan ò ṣe é rí.

Ohun tí mo ti ṣe ni pé plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti di tuntun, fílítà atẹ́gùn náà tuntun ni. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní brain box, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, ló kú, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ mo bá tèmi lọ. Ẹnì kejì ní nọ́súlù tó ń fọ́n epo ló dọ̀tí, ó tú wọn, ó fọ̀ wọ́n, ó dá wọn padà, kò yí nǹkankan padà, ló bá tún ní ká kúkú ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tuntun, ibẹ̀ ni mo ti gba kọ́kọ́rọ́ mi. Iná check engine tàn, kì í ṣẹ́jú o, ó kàn jókòó síbẹ̀ ni. Àbúrò mi yá mi ní síkánà kékeré tí wọ́n máa ń kì bọ abẹ́ stíà, kóòdù méjì ló gbé jáde, P0171 àti P0300. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ra nǹkan tí mi ò nílò?

TáyàMẹ́rin:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ́ńjìnnì síìtì ni, rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé. Mi ò tiẹ̀ ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí tèmi náà ṣe ṣe lọ́dún tó kọjá nìyẹn, stíà ń gbọ̀n, dáṣíbọ́ọ̀dù ń gbọ̀n, gbogbo ike inú mọ́tò ń pariwo, àṣé rọ́bà síìtì tó wà níwájú ló ti já tí irin ń kan irin. Ẹ fi gíà sí D kẹ́ ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ẹ wo bó ṣe ń gbọ̀n, ẹ wá gbé e sí N. Tó bá dákẹ́ ní N, síìtì ni, ẹ lọ pààrọ̀ ẹ̀, ẹ fi síkánà sílẹ̀ fún àwọn tó níṣẹ́ ẹ̀.

BàbáSípánà:

Táyà àbúrò mi, ìdánwò tó o sọ yẹn dáa, èmi náà máa ń ṣe é, ṣùgbọ́n o ò ka ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà dópin. Ó ní abẹ́rẹ́ ń jó láti 600 dé 900. Síìtì tó bá já ò lè gbé abẹ́rẹ́ RPM sókè sódò. Ẹ́ńjìnnì á máa yí dáadáa nínú ara ẹ̀, gbígbọ̀n ẹ̀ ló kàn ń dé ọ̀dọ̀ awakọ̀ torí rọ́bà tó yẹ kó gbà á mọ́ra ti kú. Níbi tí abẹ́rẹ́ bá ti ń jó, ohun tí ẹ́ńjìnnì ń jẹ ni ká wò: atẹ́gùn, epo, iná plọ́ọ̀gì.

Ọ̀gá Awakọ̀Jẹ́jẹ́, ẹ jẹ́ ká wo kóòdù yín. P0171 ń sọ pé epo kéré sí atẹ́gùn tó ń wọlé. P0300 ń sọ pé mísífáyà, ìyẹn kí epo má jóná bó ṣe yẹ nínú sílíńdà, ń ṣẹlẹ̀ káàkiri, pé kì í ṣe sílíńdà kan pàtó, torí ká ní ẹyọ kan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, P0301 tàbí P0302 tàbí irú ẹ̀ lẹ máa rí, nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn yẹn ni nọ́ńbà sílíńdà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gba ọ̀rọ̀ nọ́súlù wọlé. Kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ̀tí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n máa ṣe wàhálà níbi tí ẹ́ńjìnnì ò ti nílò ju epo ṣín-ún lọ, kí wọ́n wá máa ṣe dáadáa lórí eré tó nílò epo púpọ̀? Wọ́n fẹ́ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n máa pa làpálàpá ni.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí àsílérétọ̀, ìlẹ̀kùn pẹlẹbẹ tó wà nínú throttle body máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé tán. Pístìnnì ń fà lábẹ́, ó ń fà, kò rí atẹ́gùn tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ìfà yẹn lágbára, ẹ́ńjìnnì tí ara ẹ̀ le á máa gbé gééjì fákúùmù, èyí tí wọ́n fi ń wọn ìfà yẹn, dé ínǹṣì 17 sí 21. Nítorí náà ihò tó bá wà níbikíbi lẹ́yìn ìlẹ̀kùn yẹn, bó wù kó kéré, atẹ́gùn á máa ya wọ ibẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ MAF tó ń ka atẹ́gùn wà níwájú pátápátá, kò lè rí èyí tó gba ẹ̀yìn wọlé. Ó dà bí ẹni tí wọ́n fi sẹ́nu ọ̀nà kó máa ka àlejò, iye tó bá kà ni wọ́n máa to àga fún, àwọn kan wá ń gba ojú fèrèsé wọlé. Ẹni tó ń ka ò purọ́ o, ṣùgbọ́n àga ò ní tó. Tẹ́ ẹ bá wá tẹ àsílérétọ̀, ìlẹ̀kùn ṣí gbayawu, àlejò ń rọ́ gba ẹnu ọ̀nà bí omi, ẹni márùn-ún tó gba fèrèsé ò já mọ́ nǹkankan mọ́. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé eré ò ṣe é ní nǹkankan, ìdúró ló ń pa á.

Èyí tẹ́ ẹ sọ pé tó bá tutù kì í ṣe é, ó tún mú mi fura sí i. Kọ̀ǹpútà máa ń mọ̀ọ́mọ̀ da epo sí i nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, epo àlékún yẹn ló ń bá ihò yẹn bo àṣírí. Tó bá gbóná tí kọ̀ǹpútà dín epo kù, àṣírí tú.

Àmọ́ mi ò tíì sọ pé bẹ́ẹ̀ ló rí o, mò ń fura ni. Ẹ bá mi wo nǹkan mẹ́ta. Àkọ́kọ́, tẹ́ ẹ bá gbé e sí N, ṣé abẹ́rẹ́ ṣì ń jó? Èkejì, tẹ́ ẹ bá dúró tẹ́ ẹ sì ń tẹ bíréèkì tẹ́ ẹ ń tú u sílẹ̀, ṣé ohùn ẹ́ńjìnnì ń yí padà mọ́ ọn, àbí ẹ ń gbọ́ ṣììì lábẹ́ ẹsẹ̀ yín? Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù. Síkánà tẹ́ ẹ yá yẹn, ẹ má kàn ka kóòdù kẹ́ ẹ yọ ọ́, ẹ wọ ibi tó ti ń fi nọ́ńbà hàn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ, ẹ wá fuel trim, iye tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣàtúnṣe epo: STFT ni ti ojú ẹsẹ̀, LTFT ni èyí tó ti kọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ kọ ohun tó bá wà níbẹ̀ nígbà tó gbóná tó dúró, kẹ́ ẹ wá fẹsẹ̀ dá a dúró lórí 2500 fún bí ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ tún kọ ọ́. Nọ́ńbà méjèèjì yẹn á sọ fún wa ju ohun tí mẹkáníìkì mẹ́ta máa sọ lọ, èmi náà wà nínú wọn.

ÀǹtíOnímọ́tò:

Ẹ má bínú pé mo dá sí i. Tèmi náà ṣe irú ẹ̀ ṣùgbọ́n ó ní ìgbà tó máa ń ṣe é, ìgbà tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra epo ni. Tí mo bá kún táǹkì tán tí mo wá ní kí n tan án, á kọ́kọ́ máa yí lásán, tó bá wá tàn á máa gbọ̀n bí ewé, lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì mẹ́ta ara ẹ̀ á balẹ̀, ó di ìgbà tí mo bá tún ra epo. Mo fẹ̀sùn kan epo títí, mo ń yí ibi tí mo ti ń rà á padà. Àṣé ẹ̀rọ kékeré kan ni, purge valve, òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún òórùn epo láti táǹkì kó lọ jóná nínú ẹ́ńjìnnì. Tèmi kò pa dé mọ́. Ẹni tó bá mi ṣe é yọ ọ́, ó fẹnu fẹ́ ẹ níwájú mi, atẹ́gùn ń kọjá fàà, ó ní tí iná ò bá sí lára ẹ̀ kò yẹ kí atẹ́gùn kọjá rárá. Ọ̀gá Awakọ̀Jẹ́jẹ́, ṣé tiyín náà máa ń burú sí i tẹ́ ẹ bá ra epo?

Wéréwéré:

Ìyẹn ti gùn jù. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ fi ìgò wọ́n epo díẹ̀díẹ̀ sára àwọn họ́ọ̀sì yẹn. Ibi tí ohùn ẹ́ńjìnnì bá ti gbéra sókè, ibẹ̀ ló ti ń jò. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ ti mọ̀ ọ́n.

BàbáSípánà:

Rárá o! Wéréwéré, orúkọ rẹ ń rò ọ́. Ẹnikẹ́ni má wọ́n epo sórí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, sàlẹ́ńsà wà níbẹ̀, wáyà kọ́ìlì tó ń fún plọ́ọ̀gì níná wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa ṣẹlẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń fi carb cleaner ṣe é, òun náà ń gbiná, èmi ti fi í sílẹ̀ tipẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ́n nǹkan, ẹ fi omi lásán sínú ìgò tó ń fọ́n bí ìrì, ẹ fọ́n ọn díẹ̀ sí ibi tẹ́ ẹ fura sí, ẹ yẹra fún kọ́ìlì àtàwọn ojú wáyà. Tí omi bá bo ojú ihò fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ohùn ẹ́ńjìnnì á yí padà, ẹ máa gbọ́ ọ. Èyí tó dájú jù ni ẹ̀rọ èéfín, wọ́n á fẹ́ èéfín sínú máníífóòdù, ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà pín sí àwọn sílíńdà, nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà ní pípa, ibi tó bá ti ń jáde, kò sí àríyànjiyàn mọ́.

Awakọ̀Jẹ́jẹ́:

Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ti ṣe é. Àǹtí, rárá o, ti epo ò kan tèmi, bóyá mo ra epo bóyá mi ò rà á, bákan náà ló ń ṣe.

Ní N, abẹ́rẹ́ ṣì ń jó, gbígbọ̀n yẹn dín díẹ̀ ṣùgbọ́n jíjó ò dúró. Bíréèkì, mo tẹ̀ ẹ́ mo tú u bí ìgbà ogún, kò yí nǹkankan padà, mi ò gbọ́ ṣììì kankan lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Nọ́ńbà yẹn nìyí, mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé kan: nígbà tó dúró, LTFT +21, STFT ń lọ ń bọ̀ ṣùgbọ́n +6 ló ń sún mọ́ jù. Lórí 2500, LTFT +4, STFT +1. Mi ò mọ ohun tó túmọ̀ sí, mo kàn rí i pé ìyàtọ̀ pọ̀.

BàbáSípánà:

Ẹ ti rí i. Ẹ ò tíì mọ ibi tó wà ni, ṣùgbọ́n ẹ ti rí i.

Fuel trim ni iye tí kọ̀ǹpútà fi ń bu epo kún un tàbí tó fi ń yọ kúrò kí jíjóná lè dọ́gba. Ẹ́ńjìnnì tó wà dáadáa, ẹ máa rí i láàárín -5 sí +5 nínú ọgọ́rùn-ún, tó bá tiẹ̀ dé 8 tàbí 9 mi ò ní torí ẹ̀ sùn sábẹ́ mọ́tò. Tiyín, ẹ ro méjèèjì pọ̀, +27 lórí ìdúró, +5 lórí eré. Ìyẹn ni pé kọ̀ǹpútà ń bu epo lé epo lórí ìdúró kó tó lè bá atẹ́gùn tí ẹnikẹ́ni ò kà yẹn dọ́gba, tó bá di orí eré kò nílò ẹ̀ mọ́. Atẹ́gùn ló ń jò wọlé. Ká ní òdìkejì lẹ rí, tó kéré lórí ìdúró tó wá ń pọ̀ sí i lórí eré, mi ò bá ní ẹ lọ wo fílítà epo àti pọ́ǹpù tàbí kẹ́ ẹ fọ MAF. Ká ní ó pọ̀ bákan náà níbi méjèèjì, MAF tàbí agbára epo náà ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Ká sì ní trim yín dáadáa ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kàn ń relẹ̀ títí ó fi fẹ́ kú, mi ò bá ní ẹ lọ fọ ìdọ̀tí dúdú kúrò létí ìlẹ̀kùn throttle body.

Ó wá ku kẹ́ ẹ wá ihò. Háídírófáàkì bíréèkì, èyí tó ń fi ìfà ẹ́ńjìnnì ran ẹsẹ̀ yín lọ́wọ́, ti bọ́ kúrò nínú ẹ̀ pẹ̀lú ohun tẹ́ ẹ sọ, ṣùgbọ́n fún ìfọ̀kànbalẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ bíréèkì títí á fi le, ẹ fẹsẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ wá tan mọ́tò, ó yẹ kí bíréèkì rì díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Tó bá rì, ẹ kúrò níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, kí ẹ́ńjìnnì tutù, kẹ́ ẹ mú tọ́ọ̀ṣì. Gbogbo họ́ọ̀sì tó bá ti so mọ́ máníífóòdù tàbí mọ́ ọ̀nà atẹ́gùn láti ẹ̀yìn MAF wá, ẹ tọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Rọ́bà ńlá tó rí bí àkọ́dìọ́nù láti fílítà wá, ẹ fà á gùn díẹ̀ kẹ́ ẹ wo àárín àwọn ìkákò ẹ̀, ibẹ̀ ló máa ń sán sí. Họ́ọ̀sì PCV tó ń dá èéfín inú ẹ́ńjìnnì padà kó lọ jóná, tó ń bọ̀ láti táapẹ́ẹ̀tì kọ́fà, ìdérí orí ẹ́ńjìnnì, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ bá wí nínú mọ́tò tó ti pẹ́, torí èéfín ọ́ìlì tó ń gba inú ẹ̀ kọjá máa ń mú kí rọ́bà rọ̀ bí àpò àtijọ́. Àwọn rọ́bà kékeré tí wọ́n fi ń dí ojú ibi tí kò sí họ́ọ̀sì, wọ́n máa ń gbẹ, wọ́n á bọ́ sílẹ̀ lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Gásíkẹ́ẹ̀tì máníífóòdù ló gbẹ̀yìn, torí iṣẹ́ wà lára ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ẹ má fi ojú nìkan wá a. Ẹ fọwọ́ kan abẹ́ gbogbo ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà lókè máa ń dán, abẹ́ ló ti ya. Tẹ́ ẹ ò bá sì rí nǹkankan nígbà tó tutù, ẹ tan án, ẹ fi púláyà tẹ́ ẹ fi aṣọ wé ẹnu ẹ̀ fún họ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máníífóòdù, ẹyọ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tẹ́ ẹ bá fún pọ̀ tí abẹ́rẹ́ wá dúró sójú kan, orí họ́ọ̀sì yẹn ni kẹ́ ẹ wà. Ẹ ṣọ́ ọwọ́ àti aṣọ yín lọ́dọ̀ fáànù àti bẹ́ẹ̀lìtì.

Ìtàkùn_Wáyà:

Ẹ dákun, èmi ò fẹ́ gba ìbéèrè ẹlẹ́yìí lọ́wọ́ ẹ̀, ṣùgbọ́n tèmi P0302 nìkan ló ń gbé wá, iná check engine dẹ̀ ń ṣẹ́jú tí mo bá ń gun òkè. Ṣé atẹ́gùn náà ni?

BàbáSípánà:

Tìrẹ yàtọ̀. Iná tó ń ṣẹ́jú yẹn ni kó o kọ́kọ́ gbọ́ tiẹ̀, má gùn ún kiri mọ́. Epo tí kò jóná nínú sílíńdà kejì ń lọ jóná nínú catalytic converter, èyí tó ń fọ èéfín mọ́ lọ́nà sàlẹ́ńsà, ó lè yọ́ ohun tó wà nínú ẹ̀. Gbé kọ́ìlì sílíńdà 2 sórí 3, gbé ti 3 sórí 2, pa kóòdù rẹ́, wà á díẹ̀. Tó bá di P0303, kọ́ìlì ni, wàhálà yẹn ti bá a lọ. Tó bá dúró sí P0302, ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú plọ́ọ̀gì. Bó o bá ṣe ń yọ kọ́ìlì yẹn, wo inú ihò plọ́ọ̀gì, tó o bá bá ọ́ìlì níbẹ̀, rọ́bà abẹ́ táapẹ́ẹ̀tì kọ́fà ló ń jẹ́ kó wọlé, ọ́ìlì yẹn lè ti ba rọ́bà ẹsẹ̀ kọ́ìlì jẹ́, tó o bá pààrọ̀ kọ́ìlì láìpààrọ̀ rọ́bà, o máa padà wá. Wo ẹnu plọ́ọ̀gì náà. Dúdú gbígbẹ bí èédú ìkòkò, epo ti pọ̀ jù. Funfun bí ẹfun, atẹ́gùn ti pọ̀ tàbí ó ń gbóná jù. Tó bá tutù tó ń dán, ọ́ìlì ni.

Tí kọ́ìlì àti plọ́ọ̀gì bá mọ́, nọ́súlù ẹyọ yẹn ló kàn. Tí òun náà bá mọ́, wọn kọ́ḿpírẹ́ṣọ̀n, agbára tí sílíńdà fi ń fún atẹ́gùn pọ̀. Tí mẹ́ta bá fún ọ ní 170 psi tí sílíńdà 2 wá fún ọ ní 110, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti wáyà. Da ọ́ìlì ṣíbí kékeré kan síbẹ̀ kó o tún wọ̀n ọ́n: tó bá gbéra, ríǹgì ni, tó bá dúró síbẹ̀, fáàfù ni tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì orí. Kó o ṣí tìrẹ lọ́tọ̀ lẹ́yìn èyí, ká má da ọ̀rọ̀ ọ̀gá yìí rú.

Awakọ̀Jẹ́jẹ́:

Mo ti rí i! Ọ̀gá BàbáSípánà, ọwọ́ yín ni mo ti kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ. Ọjọ́ àkọ́kọ́ mo fi tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo ẹ̀ fún bíi wákàtí kan, gbogbo ẹ̀ dán, mo ti ń sọ lọ́kàn mi pé máníífóòdù ni mo máa tú báyìí. Ọjọ́ kejì mo wá rántí pé ẹ ní kí n fọwọ́ kan abẹ́. Họ́ọ̀sì PCV yẹn, ó tẹ̀ kọdọrọ bí ìgbọ̀nwọ́ kó tó wọ máníífóòdù. Lókè, rọ́bà dúdú tó dára ni lójú mi. Mo ki ìka mi sábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ yẹn, ìka mi bá rì wọlé. Ó rọ̀, ó ń yọ̀ pẹ̀lú ọ́ìlì, ó ti ya gbọọrọ bí ẹnu tó ń rẹ́rìn-ín, ó tó èékánná ọwọ́ mi ní gígùn. Nígbà tó bá tutù, ètè méjèèjì máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé mọ́ra, tó bá gbóná tí rọ́bà rọ̀ ló máa ń là.

Mo tan mọ́tò, mo jẹ́ kó gbóná kí jíjó ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sún etí mọ́ ọn ẹ máa gbọ́ ọ, ó ń fà síìì bí ẹni tó jẹ ata. Mo fi àtàǹpàkò dí i. Ohùn yẹn dákẹ́, abẹ́rẹ́ lọ dúró sórí 750, kò mì. Mo gbé ọwọ́ kúrò, ó bẹ̀rẹ̀ ijó. Mo tún dí i, ó dúró. Ẹ̀rín ni mo kàn ń rín níbẹ̀ ní èmi nìkan, iyawó mi wá wò mí lójú fèrèsé.

Mo ti ra họ́ọ̀sì tuntun, mo pààrọ̀ PCV valve fúnra ẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn torí ti tẹ́lẹ̀, tí mo bá mì ín kì í dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ mọ́, ó ti lẹ̀. Kílíìpù tuntun náà. Mo yọ orí bátìrì, mo dá a padà. Ohun tó dẹ́rù bà mí ni pé nígbà tí mo kọ́kọ́ tan án lẹ́yìn ìyẹn, ó dúró lórí 1300, kò fẹ́ sọ̀kalẹ̀, mo ní mo ti ba nǹkan míì jẹ́. Ṣé ohun tó yẹ kó ṣe nìyẹn?

BàbáSípánà:

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fi í sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà ti gbàgbé gbogbo ohun tó mọ̀ nígbà tẹ́ ẹ yọ bátìrì, ó ní láti tún kọ́ bí ìlẹ̀kùn yẹn ṣe máa ṣí tó. Àwọn mọ́tò kan máa ń kọ́ ọ fúnra wọn bẹ́ ẹ bá ti ń wà á, àwọn míì ní ìgbésẹ̀ tiwọn nínú ìwé tó bá mọ́tò wá. Ẹ má fi ìka ti ìlẹ̀kùn throttle body tó ń lo iná nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá wà lórí iná o, mo sọ ọ́ torí ẹni tó bá ka èyí lọ́la.

Awakọ̀Jẹ́jẹ́:

Ó ti balẹ̀. Ọjọ́ kejì tí mo wà á ló bọ́ sí 750, ibẹ̀ ló wà. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́sàn-án báyìí, kóòdù kankan ò padà wá. Fuel trim nígbà tó gbóná tó dúró, LTFT +3, STFT ń yí yíká òdo. Epo tí mò ń rà náà dín díẹ̀, àbí ojú mi ló ń rí i bẹ́ẹ̀.

Nǹkan kan ló ṣẹ́ kù. Abẹ́rẹ́ ò mì mọ́ rárá, ṣùgbọ́n tí mo bá wà ní D tí mo tẹ bíréèkì, gbígbọ̀n kékeré kan ṣì wà nínú stíà, kò tó ti tẹ́lẹ̀ rárá. Tí mo bá gbé e sí N, ó lọ pátápátá. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ́ńjìnnì síìtì iwájú lónìí, rọ́bà ẹ̀ ti là láàárín, mo lè rí òdìkejì.

TáyàMẹ́rin:

Ẹ ṣáà bá mi wo ẹni tó kọ́kọ́ dáhùn lókè yẹn. Ẹ́ńjìnnì síìtì. Mo sọ ọ́ àbí mi ò sọ ọ́?

BàbáSípánà:

O sọ ọ́, Táyà. Ká ní ìwọ ló gbọ́ sí lẹ́nu lọ́jọ́ kìíní, síìtì á ti di tuntun, abẹ́rẹ́ á ṣì máa jó. Ọ̀gá, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, ẹ gbé igi lé orí jáàkì kó má bàa tẹ páànù ọ́ìlì nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé ẹ́ńjìnnì sókè, kẹ́ ẹ sì yẹ síìtì ẹ̀yìn wò pọ̀ mọ́ ọn, òun ló ti ń dá ẹrù ru látìgbà tí tiwájú ti já.